Ewé Tí Rhoda Ká Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n mi ni Rhoda, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bú u. Bí ẹlòmíràn bá bú u, a ó jọ wọ̀yá ìjà ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí yìí, mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì bá mi jiyàn rí. Mo ń dárúkọ rẹ̀ ṣákálá nínú ìwé kí ó lè yé yín ni. Lẹ́nu, mi ò jẹ́ dán an wò.

Bí ẹ bá dé Ògìdì nígbàkigbà lẹ́yìn ọdún 1954, tí ẹ rí obìnrin gíga kan tó ń dúró ní gbogbo oríta, tó ń já ewé tútù, tó ń tẹ́ ẹ dábùú ojú ọ̀nà kan kó tó gba èkejì, Rhoda nìyẹn. Ì báà jẹ́ ọ̀nà oko, ì báà jẹ́ ọ̀nà odò, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé tí a ti ń gbọ́ ohùn ara wa. Àwọn ọmọdé àdúgbò sọ ọ́ ní Ìyé Eléwé. Àwọn àlejò rò pé orí rẹ̀ ti yí. Orí rẹ̀ kò yí rárá. Ó pé ju ti àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ̀yin tí mọ́tò ń gbé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà lè má mọ ohun tí à ń pè ní títi ọ̀nà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ni a fi ń rin inú igbó, ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń ṣíwájú. Bó bá dé oríta, yóò gé ewé tútù, yóò tẹ́ ẹ dábùú ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bó ti wù kó jìnnà tó, bó bá ti rí ewé, ó mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Ewé gbígbẹ kò ní ìtumọ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ ti àná. Ewé tútù ni ọ̀rọ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ ká a kúrò níbẹ̀ àfi ẹni tó bá kẹ́yìn pátápátá. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ èyí lọ́dọ̀ wa, Rhoda náà sì mọ̀ ọ́n.

Àwa mẹ́ta ni Bàbá Jethro bí. Sarah ni àkọ́bí, Rhoda tẹ̀ lé e, èmi Monica ni àbígbẹ̀yìn. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ọmú, Sarah ló sì tọ́ àwa méjèèjì, òun àti àbúrò ìyá wa tó ń gbé ní Ìkòyí tó wà lẹ́yìn òkè wa níbí. Sarah ló kọ́ wa ní aṣọ híhun. Òun ló kọ́ wa bí a ṣe ń ṣán oko, bí a ṣe ń ru ẹrù láìdì í mú. Òun náà ló kọ́ wa pé bí aṣọ òṣùká bá bọ́ sọnù lọ́nà, kí a má dúró máa sunkún, kí a wá ewé tó fẹ̀, kí a lọ́ ọ, kí a ká a sórí, kí a máa lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kò sí ẹni tó lè hun aṣọ bíi Rhoda ní ìdílé wa. Bó bá jókòó ti òfì rẹ̀ lára ògiri láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, aṣọ tó hun á ti gùn ju ti obìnrin méjì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yá ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yá jù. Kò lè fi ẹ̀sọ̀ rìn. Kò lè fara balẹ̀ kí ọbẹ̀ jinná. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, èsì á ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Bàbá wa a máa sọ fún un pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti gbọ́.

Sarah fẹ́ Láwọ̀yín, ọmọ ìdílé Mùsùlùmí kan ní Ògìdì níbí, àgbẹ̀ tó tún ń ṣọdẹ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìjọ ni bàbá wa, ṣùgbọ́n kò ṣe é ní ọ̀ràn, nítorí pé nínú ilé wa, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń lọ sí mọ́sálásí ti jọ ń jẹun látayébáyé. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ ni Bàbá Ọlábímtán, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí í ṣe olórí ẹbí. Ó ní ojú Láwọ̀yín tutù jù, pé òun kì í gbẹ́kẹ̀ lé ọkùnrin tí kì í bínú. Sarah wà nílé ọkọ fún ọdún méjìlá, kò bímọ. Nígbà tó di ọdún kẹtàlá, òun fúnra rẹ̀ ló wá Jẹ̀mílà kàn fún ọkọ rẹ̀, òun ló bá a tọrọ rẹ̀. Jẹ̀mílà kò pẹ́ lóyún. Ẹnu aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó méjèèjì ń jẹun nínú àwo kan náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, wọ́n wá sọ fún wa pé àbúrò ìyá wa tó wà ní Ìkòyí ti kú. Ẹni tó fún wa lóúnjẹ nígbà tí a ò ní ìyá ni. Kò sí bí a ò ṣe ní í lọ. Rhoda ní aṣọ tó ti hun sílẹ̀, ó dì í sínú igbá ńlá, nítorí pé a kì í lọ síbi òkú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Láwọ̀yín, gẹ́gẹ́ bí àna, ní láti fa ewúrẹ́ lọ. Èmi kò lè lọ, ọmọ tí mo bí kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Sarah pàápàá kò yẹ kó lọ. Sòbìà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni, ojú egbò náà kò tíì pa dé. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Sarah dáhùn pé bí òun bá ní láti fi ìdí wọ́, òun á fi wọ́ débẹ̀.

Ọkọ̀ kì í gba ọ̀dọ̀ wa kọjá nígbà náà àfi lọ́jọ́ ọjà, ọjà sì ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n pinnu láti gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gun orí òkè, tó la igbó kọjá. Bí wọ́n ti ń lọ láàárọ̀ yẹn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́yìn, mo ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ewúrẹ́ tó yẹ kí Láwọ̀yín máa fà ló ń fa Láwọ̀yín. Rhoda tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú igbá lórí. Sarah ló kẹ́yìn, ó ń tẹ ọ̀pá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tó yá, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ wọn wé ara wọn.

Wọ́n jọ rìn títí dé odò tó wà nísàlẹ̀ òkè. Bí wọ́n ti ń kọjá nínú omi, ẹsẹ̀ Rhoda yọ̀, kò ṣubú, ṣùgbọ́n aṣọ òṣùká rẹ̀ bọ́, omi sì gbé e lọ. Ojú ọ̀run ti dúdú. Sarah jókòó lórí òkúta, ó tú aṣọ tó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti wà níbẹ̀. Láwọ̀yín fẹ́ dúró, ewúrẹ́ kò fẹ́ dúró, òjò sì ń bọ̀. Sarah ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n máa lọ, pé aṣọ òkú kò gbọdọ̀ tutù.

"Ẹ ṣáà ti ọ̀nà fún mi," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ewé á júwe fún mi."

Láwọ̀yín lọ. Rhoda lọ. Wọ́n gun òkè náà, ewúrẹ́ ń fa Láwọ̀yín síwájú títí Rhoda kò fi rí i mọ́. Lókè pátápátá, kùkùté ìrókò ńlá kan wà, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ti ọwọ́ ọ̀tún tín-ín-rín, koríko fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Òun ló lọ sí Ìkòyí. Ti òsì fẹ̀, ó mọ́, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n kò lọ sí ìlú kankan. Àwọn agégẹdú ló là á nígbà tí wọ́n ń la ìrókò ibẹ̀. Wọ́n ń ru pákó gba ibẹ̀ dé etí àpáta, wọ́n ń tì í sísàlẹ̀ fún àwọn tó ń gbà á. Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti kó kúrò, koríko sì ti hù bo etí àpáta náà. Láwọ̀yín mọ èyí. Ó gé ewé gbòdògí méje, ó tẹ́ wọn dábùú ọ̀nà òsì, ó sì ń lọ.

Rhoda dé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Igbá náà ti ń jó o ní àtàrí láti ìsàlẹ̀ òkè. Òjò àkọ́kọ́ kán sí i lápá. Ó gbé ẹrù lé orí kùkùté, ó wolẹ̀, ó sì rí ewé méje tó tutù, tó fẹ̀, tó rọ̀, tí ẹnìkan ti gé sílẹ̀. Ó kó wọn, ó lọ́ wọn bí Sarah ti kọ́ ọ, ó ká wọn sórí, ó gbé igbá lé e, ó gba ọ̀tún. Òun mọ ọ̀nà Ìkòyí dáadáa, kò nílò kí ewé sọ fún òun. Ó ní òun kò rò ó rárá. Ó ní ojú òun rí ewé, kò rí ọ̀nà. Mo bi í bóyá kò rántí pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní òun rántí Sarah ní gbogbo ìgbà, àti pé aṣọ òkú tí kò gbọdọ̀ tutù ni òun ń sáré fún. Inú ń bí mi títí di òní bí mo bá rántí ìdáhùn yẹn, nítorí pé òótọ́ ni.

Sarah dé kùkùté náà nínú òjò. Kò gba ọ̀nà yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ rí, nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ọjọ́ ọjà ló máa ń gbé e lọ sí Ìkòyí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ewé níbì kankan. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí kò bá sí ewé, èyí tó fẹ̀ ni ọ̀nà. Ó gba òsì.

Àwọn méjì dé Ìkòyí ní ọ̀sán. Wọ́n ń retí Sarah. Àkọ́kọ́, wọ́n rò pé ó yà sínú ahéré kan ni kí òjò dá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Láwọ̀yín ti padà sínú igbó pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n padà wá láìrí i. Láwọ̀yín wọ agbo àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún, ó dúró níwájú Rhoda.

"Rhoda, ìwọ lo tẹ̀ lé mi. Ṣé o rí ewé tí mo tẹ́ lẹ́bàá kùkùté?"

Igbá aṣọ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rhoda. Òṣùká ewé náà wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Èsì sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kí òun tó gbọ́ ọ, bí ìṣe rẹ̀.

"Mi ò rí ewé kankan."

Láwọ̀yín wò ó títí. Ó ní ó dára. Ó fẹ́ kí gbogbo ọkùnrin bá òun wá gba ọ̀nà òsì, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìkòyí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Bí ẹni tó tẹ̀ lé e kò bá rí ewé, bóyá kò tì í lóòótọ́. Bóyá ibòmíràn ló tì. Bóyá obìnrin náà ti yà sí ọ̀nà Iyamoye. Wọ́n pín ara wọn sọ́nà mẹ́ta. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi wá a níbi tí kò sí.

Ní ọjọ́ kẹta, Láwọ̀yín gbọ́ tí ọ̀pá ń kan òkúta nísàlẹ̀ àpáta. Sarah wà níbẹ̀ níbi tó já bọ́ sí, egungun ojúgun rẹ̀ ti ṣẹ́, ìyeyè tó ń já bọ́ láti orí igi ló ń jẹ, omi òjò ló ń mu. Ọkọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé Ògìdì, ó gbé e wá sí ilé bàbá wa, nítorí pé ẹni tó ń to egungun kò jìnnà sí wa. Wọ́n tò ó. Ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kúrú ju èkejì lọ, Sarah kò sì rìn tààrà mọ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Jẹ̀mílà bí ọmọkùnrin. Ẹ ò rí ayé bí? Wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bàbá Ọlábímtán kó ẹbí jọ. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ní ọkùnrin tí ìyàwó kékeré ti bímọ fún kò nílò àgàn mọ́, pé ohun tí Láwọ̀yín kò lè fi ẹnu lé kúrò nílé ló fẹ́ fi igbó lé. Ó ní Sarah kò ní í padà sílé yẹn àfi bí ọkọ rẹ̀ bá wẹ ara rẹ̀ mọ́ ní ìpàdé tí ẹbí yóò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí Láwọ̀yín ti gbọ́, ó lọ sórí òkè, ó sì fa ìdí ewé gbòdògí méje tó kù nílẹ̀ wá, tí àdá ti gé gééré, ó kó wọn síwájú bàbá wa. Bàbá Ọlábímtán ní ta ni kò lè gé ewé lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ pé bóyá ewúrẹ́ ló jẹ ewé náà. Rhoda gbójú sókè nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ara rẹ̀ yá gágá. Ṣùgbọ́n iwájú ni ewúrẹ́ wà. Kò lè padà sẹ́yìn wá jẹ ewé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Rhoda kò hun aṣọ kan. Òun ló ń wẹ̀ fún Sarah, òun ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀, òun ló ń fi ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu bí ẹni pé ọwọ́ ni Sarah fi já bọ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà sì ni. Adìẹ bà lókùn ni, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Èmi àti Rhoda ń sùn nínú yàrá kan, mi ò sì mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Mo kàn rí i pé ó rù.

Ọjọ́ ìpàdé kò. Àárọ̀ ni, gbogbo agbo ilé ló jáde. Sarah jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú. Láwọ̀yín ní òun á fi Ọlọ́run búra. Bàbá Ọlábímtán kò gbà. Ó gbé àdá jáde, ó ní irin ni àwọn baba wa fi ń búra, kó lá a. Bàbá wa ní ìbúra Ọlọ́run tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó lójú, bàbá wa gbé ojú sílẹ̀. Láwọ̀yín sọ pé baba tó bí òun lọ́mọ kò lá irin, pé òun kò ní í ṣe é. Bàbá Ọlábímtán ní kó máa lọ sílé nígbà náà, pé aya rẹ̀ kò ní í bá a lọ.

Láwọ̀yín wo Sarah. Sarah ń wo Rhoda. Láwọ̀yín ṣí fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé tó ti máa ń fún ní ẹran ìgbẹ́, ó gba àdá náà.

"Bí mo bá fi ọ̀nà sílẹ̀ láìtì í kí aya mi lè ṣìnà, kí irin yìí pa mí."

Ó fi ahọ́n kàn án. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ọwọ́ bo ojú ọmọ mi.

Ìgbà náà ni Rhoda tó sọ̀rọ̀. Ìgbà náà, kì í ṣe ṣáájú. Ohùn rẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kì í kéré.

"Ó ti ọ̀nà. Ewé méje ni. Èmi ni mo kó o."

Ó wọlé lọ. A gbọ́ tó ń gun orí àpótí láti na ọwọ́ sí àjà. Ó jáde pẹ̀lú òṣùká ewé kan tó ti gbẹ, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdá. Ó ti gbìyànjú láti jù ú nù lọ́nà Ìkòyí, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. A ka àwọn ìdí ewé náà. Méje ni.

Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá Ọlábímtán gbé àdá rẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ láìbẹ ẹnikẹ́ni, kò sì bẹ Láwọ̀yín títí ó fi kú, kí Ọlọ́run má bi mí léèrè ohun tí mo rò nípa rẹ̀. Láwọ̀yín dìde, ó lọ sídìí ìkòkò omi, ó bu omi, ó fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà.

Sarah ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Rhoda ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ bí a ti ń fi ewé ṣe òṣùká?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi délé ni mo ti mọ̀. Àjákù ewé ṣì wà nínú irun rẹ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ wò mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ó jẹ́ kí ọkọ mi lá irin. O jẹ́ kó lá a."

Ó béèrè ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì rọra ń lọ. Ó sì ṣe, mo ṣàkíyèsí pé Láwọ̀yín kò ṣíwájú. Ẹ̀yìn aya rẹ̀ ló wà.

Ẹ̀yìn ló wà láti ọjọ́ yẹn. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ nítorí irin yẹn. Bí àwọn ọdẹ bá ń lọ sígbó, tí wọ́n ní kó mú ọ̀nà, á ní rárá, kí ẹlòmíràn ṣíwájú, òun á máa tẹ̀ lé wọn bọ̀. Ọkùnrin tó mọ gbogbo igbó láti ọ̀dọ̀ wa dé Iyamoye ń rìn lẹ́yìn àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́.

Sarah ní tirẹ̀, kò dá Rhoda lóhùn mọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀tá ẹni pàápàá bá kí ni ní "okun", tí í ṣe ìkíni wa, a ó dá a lóhùn, nítorí pé ẹni tí a kò bá dá lóhùn ti kú lójú wa. Ní àràárọ̀, Rhoda á kọjá níwájú ilé Láwọ̀yín, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, okun o." Sarah á máa gbálẹ̀ lọ. Á dá àwọn ọmọ lóhùn, á dá alágbe lóhùn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ṣe é. Kò sí àárọ̀ kan tí Rhoda kò kí i, kò sì sí àárọ̀ kan tó dáhùn. Ìgbà yẹn ni Rhoda bẹ̀rẹ̀ sí í ti gbogbo oríta tó bá dé. Láti ìgbà yẹn náà ni kò ti fi ewé ṣe òṣùká mọ́.

Mo bínú sí Sarah náà. Mo lọ bá a nílé, mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ kan kò tó ohun tí a fi ń pa àbúrò ẹni lójú ayé, àti pé òun pàápàá mọ òótọ́, ó sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń fa ọkọ rẹ̀ káàkiri. Ó gbọ́ mi tán.

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi," ó wí. "Ẹnikẹ́ni lè ká ewé. Ó wo ojú ọkọ mi, ó ní òun kò rí i. Èmi ni mo sì tọ́ ọ."

Mi ò tún bá a sọ ọ́ mọ́. Mo rí i pé ara rẹ̀ ló ń bínú sí.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1958, inú rírun mú Sarah, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. A ránṣẹ́ sí Rhoda. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní. "Ẹ̀gbọ́n mi, okun o." Sarah ṣíjú, ó wò ó pẹ́. Ètè rẹ̀ mì. Omi ló béèrè. Rhoda bu omi fún un, ó mu ún lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún tán. Kò sọ ohunkóhun mọ́. Àwọn kan sọ pé omi tó gbà mu yẹn ti tó, pé ìdáhùn ni. Èmi wà níbẹ̀, mi ò mọ̀. Rhoda pàápàá kò mọ̀.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni a sin ín sí, gẹ́gẹ́ bó ti wí. Bí a ti gbé pósí jáde, Rhoda kọjá síwájú àwọn tó gbé e, ewé kún apá rẹ̀. Ní oríta tó lọ sí odò, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ewé. Ní oríta tó lọ sí ọjà, ó tẹ́ ewé. Ó tẹ́ ẹ ní ọ̀nà oko Láwọ̀yín, ó tẹ́ ẹ ní ọ̀nà Ìkòyí. Mo ń retí kí ẹnìkan rẹ́rìn-ín kí n lè rí ẹni gbá létí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gbé pósí ń dúró dè é ní oríta kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tì í.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ewé tútù kò pọ̀. Nígbà tí a dé oríta tó kẹ́yìn, tí ó ku ìwọ̀nba kí a wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ewé tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró láàárín ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Pósí dúró lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa dúró. Ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e. Ẹ má tíì gbé e."

Láwọ̀yín wà lẹ́yìn pátápátá níbi tó ti máa ń wà. Mo rí i tó ń la àárín èrò bọ̀. Ó kọjá lára wa, ó kọjá lára pósí aya rẹ̀, ó lọ sídìí igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi àdá gé ẹ̀ka kan tí ewé rẹ̀ tutù. Ó mú un wá fún Rhoda. Láti ọjọ́ àdá yẹn, wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Okun, Rhoda," ó wí. "Gbà. Eléyìí tó kù, ìwọ ni kó o tì í."

Rhoda gbà á, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ẹ dábùú ọ̀nà náà. Láwọ̀yín dúró títí ó fi tẹ́ ẹ tán. Lẹ́yìn náà, Láwọ̀yín ṣíwájú, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e.